Kápúsù Kọ́ Ni Oògùn Ojú Ara Tó Ń Yún

Ọ̀rọ̀ tó ń ti obìnrin lójú la fẹ́ sọ, torí ìtìjú yẹn ń ná wa lówó, ó sì ń da ilé rú.

Bí ojú ara bá ń yún obìnrin, tí nǹkan funfun tó dì ń jáde, wọ́n á ní "toilet infection" ni. Ọkọ mìíràn á ní ìta nìyàwó òun ti kó o wá. Àwa ò gbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, Candida ni. Ìran yíìsì ni, ó sì ti máa ń gbé ara wa jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nínú obìnrin 4, bíi 3 ló máa ń yọ lẹ́nu, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé wọn.

Ta ló ń fún un lágbára? Ẹ́sítírójìn, èròjà tó ń mú ara obìnrin ṣe bí obìnrin. Tí oyún bá dé, ẹ́sítírójìn á pọ̀, á mú kí oúnjẹ aláṣúgà pọ̀ lójú ara. Ẹ̀yin tó ń po búrẹ́dì mọ ohun tí ṣúgà ń ṣe fún yíìsì. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Aberdeen, ní Scotland, tún fi hàn pé ẹ́sítírójìn ń jẹ́ kí Candida fi èròjà kan láti inú ẹ̀jẹ̀ wa bora, kí àwọn tó ń ṣọ́ ara wa má lè mú un. Ó dà bíi mogbọ́-moyà tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọlé ìnáwó: aṣọ́nà á ṣe bí ọmọ ẹgbẹ́ ni.

Nítorí náà, aláboyún tí ojú ara ń yún kì í ṣe aṣẹ́wó. Ẹ yéé ra kápúsù aláwọ̀ méjì lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn. Kò ran Candida rárá. Àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ojú ara ló ń pa, Candida á wá ráyè. Ẹ má fi álọ́ọ̀mù tàbí ọṣẹ fọ inú. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, torí àrùn mìíràn jọ ọ́. Aláboyún ò gbọdọ̀ dá lo fluconazole. Clotrimazole tí wọ́n ń kì sójú ara, fún ọjọ́ 7, ni wọ́n sábà máa ń fún un. Tó bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò.

Lójú tiwa, ó yẹ kí ẹgbẹ́ pe nọ́ọ̀sì wá sí ìpàdé, kí ó bá wa sọ ọ́ lójúkojú. Owó kápúsù tí à ń dà nù ti tó gẹ́ẹ́.