Òwú Ń Là ní Samaru, Ta Ni Yóò Ran Án?



Bí mo bá dé ilé tí mo sọ pé ẹ̀kọ́ nípa òwú àti aṣọ ni mò ń kọ́, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń pàdé mi: "Ṣé télọ̀ lo fẹ́ dà ni?" Àwọn tí kò rẹ́rìn-ín a bi mí pé ilé-iṣẹ́ wo ló kù. Ìbéèrè wọn kò burú. Kaduna kò jìnnà sí wa. Kaduna Textiles tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957 kógbá sílé ní 2002; United Nigerian Textiles náà dá iṣẹ́ dúró ní 2007. Iná tí kò dúró, epo tí ó wọ́n, àti aṣọ fàyàwọ́ wà lára ohun tí ó ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lérò tèmi, kí á má jókòó máa retí ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ bí a ti ń ran òwú tín-ín-rín tí à ń pè ní nanofibre. Bí irun orí bá fẹ̀ tó 80,000 nánómítà, tí òwú yìí sì jẹ́ 200, a ó to 400 rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ó tó fẹ̀ tó irun kan ṣoṣo. A lè fi ṣe asẹ́ afẹ́fẹ́, asẹ́ omi, àti aṣọ tí a fi ń di egbò.

Kì í ṣe idán. Láti 1934 ni Anton Formhals ti gba ìwé-àṣẹ lórí ọ̀nà yìí ní Amẹ́ríkà. A ó sọ òwú di cellulose acetate, a ó pò ó mọ́ kẹ́míkà tí ń tètè gbẹ, a ó rọ ọ́ sínú sìríńjì, a ó sì so iná bíi 10,000 sí 30,000 fólítì mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Iná ni yóò fa ẹ̀kán náà gùn, bí ìyá àgbà ti ń fa òwú lára ìrànwú. Kẹ́míkà yóò gbẹ, òwú yóò sì balẹ̀ sórí irin pẹlẹbẹ.

Ẹnìkan lè ní, "Níbo la ti fẹ́ rí iná bẹ́ẹ̀?" Fólítì rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná tí ń ṣàn níbẹ̀ kéré púpọ̀. Iná oòrùn lè gbé ẹ̀rọ kékeré inú yàrá ìwádìí.

N kò sọ pé yóò dá iṣẹ́ padà fún gbogbo ẹni tí ó pàdánù rẹ̀ ní Kaduna. A kò sì ní fi dá agbádá. Kẹ́míkà rẹ̀ máa ń gbiná, ó gba ìṣọ́ra. Ṣùgbọ́n Institute for Agricultural Research, níbí ní Samaru, ni ó mú irúgbìn òwú SAMCOT jáde. Ṣé kí òwú máa là nítòsí wa, kí á máa retí asẹ́ láti ìlú òyìnbó?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka aṣọ, ẹ fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣekágbá yín. Ẹ̀yin ọmọ Kẹ́mísírì àti ti iná mànàmáná, ẹ bá wa dá sí i. Kí ẹgbẹ́ wa yọ díẹ̀ nínú owó àsè ọdún, kí á fi ra abẹ́rẹ́ àti kẹ́míkà. Àwọn ìyá wa ran òwú kí òfì tó rí nǹkan hun. Ẹ jẹ́ kí á ran tiwa.