Irú Ìmọ́lẹ̀ Wo Ni Kí A Tàn Sí Ilé Wa?

Àwọn àgbà a máa wí pé òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Nítorí èyí ni kò fi sí ìran kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní ohun tí ó fi ń lé òkùnkùn lọ. Àwọn baba ńlá wa da epo pupa sínú fìtílà amọ̀, wọ́n sì ti òwú bọ̀ ọ́. Àwọn ìyá wa tan àtùpà elépo òyìnbó. Àwa ọmọ ìsisìyí ń tẹ nǹkan lára ògiri, a sì ń retí kí ìmọ́lẹ̀ dé, bí yóò bá dé. A ti ka ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa irú aṣọ tí ó yẹ olùkọ́ àti irú ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè irú iná tí ó yẹ kí ó tàn sí ilé rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún wa ní àyè díẹ̀ láti bèèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú Baruwa, lẹ́bàá Ìpájà ní Alímọ̀ṣọ́, ṣe àpẹẹrẹ, nítorípé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iná ti di ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú. Láàrin àwọn ọdún 1990 sí 1999 ni ọ̀pá ńlá tí ń gbé epo bẹntiróòlù kọjá lábẹ́ ilẹ̀ jò, tí epo náà sì rìn lọ bá omi inú ilẹ̀. Àwọn tí ó fa omi nínú kànga wọn rí i pé bẹntiróòlù ni ó ń rùn. Ọ̀pọ̀ kànga di èyí tí a kò lè mu mọ́, àwọn onílé tí ó ní kànga nínú àgbàlá sì di ẹni tí ń ra omi lọ́wọ́ ọlọ́mọlanke. Ta ni yóò gbé àtùpà tí ń jó lọ sí ẹnu irú kànga bẹ́ẹ̀ lóru? Lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 8 oṣù Ọkitóbà ọdún 2020, ibi tí a ti ń ta gáàsì ìdáná ní Baruwa kan náà bú gbàmù. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ṣọ́ọ̀bù sì jóná. A kò sọ pé àtùpà ni ó fa èyí. Ohun tí a ń sọ ni pé níbikíbi tí òórùn epo tàbí gáàsì bá lè fẹ́ wọlé láìròtẹ́lẹ̀, iná tí ó ní ọwọ́ kò gbọdọ̀ máa sùn nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ ènìyàn.

Àbẹ́là àti àtùpà elépo ni a ń bá wí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi àtùpà kàwé fún ìdánwò mọ bí imú rẹ̀ ti í dúdú ní òwúrọ̀. Èéfín náà kì í dúró nínú imú, àyà ni ó ń lọ. Ní ọdún 2014, àjọ ìlera àgbáyé gba gbogbo ayé ní ìmọ̀ràn pé kí a má ṣe lo kẹrosíìnì nínú ilé mọ́. Bí ẹni tí ń tà á bá sì ti fi bẹntiróòlù là á, gẹ́gẹ́bí àwọn aláìláàánú kan ti í ṣe, ìyá tí ó ṣá ìṣáná sí i kò mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ òun.

Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀lẹ́tíríkì kì í ṣe àjèjì ní Èkó. Ọdún 1896 ni ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ọdún mẹ́tàdínlógún péré lẹ́yìn tí Edison fi gílóòbù rẹ̀ han aráyé ní 1879. Gílóòbù àtijọ́ yìí, èyí tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ń pọ́n nínú rẹ̀ bí irin nínú iná alágbẹ̀dẹ, ni àwọn òbí wa mọ̀. Ó rẹwà lójú, owó rẹ̀ kò sì pọ̀; ṣùgbọ́n olè ni. Bí a bá pín ipá iná tí ó ń gbà sí ọ̀nà 100, bí ọ̀nà 5 péré ni ó ń sọ di ìmọ́lẹ̀. Ooru ni ó ń sọ ìyókù dà. Ẹni tí ń gbé Èkó ha tún ń fi owó ra ooru bí?

A jókòó, a ṣírò rẹ̀. Bí ilé kan bá ní gílóòbù àtijọ́ márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 60, tí gbogbo wọn sì ń tàn fún wákàtí márùn-ún lálaalẹ́, ìwọ̀n iná 45 ni mítà yóò kà ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bí a bá fi gílóòbù LED wáàtì 9 márùn-ún rọ́pò wọn, ìmọ́lẹ̀ ilé náà kò ní dín ní ohun tí ojú lè mọ̀, ṣùgbọ́n mítà kò ní ka ju 6.75 lọ. Ní oṣù Épírì ọdún 2024, àjọ NERC tí ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ iná gbé owó ìwọ̀n kan dé ₦225 fún àwọn tí a kà mọ́ Band A, tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Ó dín díẹ̀ kù lẹ́yìn náà. Ní ₦225 yẹn, ilé àkọ́kọ́ yóò san ₦10,125, ilé kejì yóò san ₦1,518.75. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin Nàìjíríà fi ọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tí ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ yóò fi èyí tí ó ju ìdá kan nínú méje rẹ̀ ra ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ àti ooru púpọ̀.

LED yìí kò ní wáyà tí ń gbóná nínú. Ẹ̀rún ohun kékeré kan ni iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí ó sì ń tàn. Pupa ni ọ̀gbẹ́ni Nick Holonyak kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1962. Àwọ̀ búlúù ni ó le. Láìsí i, a kò sì lè rí ìmọ́lẹ̀ funfun fún ilé gbígbé. Àwọn ọmọ bíbí Japan mẹ́ta, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ni ó tú ìdí rẹ̀, a sì fi ẹ̀bùn Nobel dá wọn lọ́lá ní 2014. Èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ́jà, ọlọ́pàá wíwẹ́ tí a mọ̀ sí CFL, kò burú: òun ni ìjọba Gánà pín fún àwọn ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2007, mílíọ̀nù mẹ́fà rẹ̀, nígbàtí omi Akosombo fà tí iná sì wọ́n. Ṣùgbọ́n mẹ́kúrì wà nínú CFL, májèlé sì ni. Bí ó bá fọ́ nínú yàrá, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ má sì ṣe fi ọwọ́ lásán kó o.

Ẹnìkan yóò wí pé, "Ó wọ́n ju ti àtijọ́ lọ." A gbà. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Gílóòbù àtijọ́ a máa jó tán ní bí wákàtí 1,000. LED gidi a máa tó wákàtí 15,000, a sì rí èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ "gidi" yẹn ni ó ṣe pàtàkì, nítorípé ayédèrú kún ọjà wa, páálí rẹ̀ a sì máa pariwo ju ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ. Kí olùrà má ṣe wo wáàtì nìkan. Wáàtì ń sọ iná tí ó ń jẹ. Lúmẹ́nì ni ó ń sọ ìmọ́lẹ̀ tí ó ń fúnni. Gílóòbù wáàtì 60 àtijọ́ ń fúnni ní bí lúmẹ́nì 800. Ẹ wá nọ́ńbà yẹn. Ẹ tún wo nọ́ńbà tí lẹ́tà K tẹ̀lé: 2700 pọ́n díẹ̀ bí ti àtùpà, ó sì dára fún yàrá tí a ń sùn, 6500 funfun bí ọ̀sán gangan. Kí a bẹ ọlọ́jà kí ó tàn án lójú wa kí a tó sanwó, bí ó tilẹ̀ kùn.

Ṣùgbọ́n kí ni gílóòbù yóò ṣe níbi tí kò sí iná? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ilé ní Alímọ̀ṣọ́ ti yàn ni jẹnẹrétọ̀. Àwa kò fara mọ́ ọn. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó bẹntiróòlù kò jẹ́ ohun tí a fi ń ṣeré mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ apani kan tí kò ní òórùn, ó sì ti pa ìdílé odindi lójú oorun. Ẹni tí ó tan ẹ̀rọ náà nítorí gílóòbù márùn-ún tí kò jẹ ju wáàtì 45 lọ dàbí ẹni tí ó pa màlúù nítorí ọbẹ̀ ṣíbí kan. Pátákó oòrùn kékeré kan lórí páànù àti bátìrì kan tó fún iṣẹ́ yẹn, pàápàá bátìrì lítíọ́ọ̀mù, tí kò ní òjé tí ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àtùpà oòrùn kan ṣoṣo tí a ń sá ní ọ̀sán.

Àwa tí a óò jáde lọ kọ́ni ní irú àdúgbò wọ̀nyí ni àwọn òbí yóò máa bèèrè lọ́wọ́ wa, nítorí náà ó yẹ kí a ti fi ojú ara wa rí i. A ń fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ àwọn olùkọ́ wa kí a yọ̀ǹda wákàtí kan fún wa nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣẹ̀dá ní sáà tí ń bọ̀. Kí a so gílóòbù àtijọ́ kan àti LED kan mọ́ mítà méjì, kí a tàn wọ́n láti ìgbà àdúrà ìrọ̀lẹ́ títí di ìgbà tí agogo oorun bá lù, kí a sì kọ ohun tí mítà kọ̀ọ̀kan bá kà sára pátákó ní gbọ̀ngàn. Ẹgbẹ́ wa yóò dá owó gílóòbù méjèèjì.