Ẹ Fún Wa ní JAR, Ẹ Yé Dá Linux Lẹ́bi

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo wà nílé ní Komu, iṣẹ́ kan sì wà lọ́rùn mi tí mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ajé. Java ni wọ́n fi kọ áàpù tí olùkọ́ wa ní ká lò, àmọ́ .exe ni wọ́n fún wa. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tèmi, Ubuntu ló wà lórí rẹ̀. Kò ṣí i.

Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ: "Yọ Linux yẹn dànù, fi Windows sí i." Windows wo? Ayédèrú tó kún fún fáírọ́ọ̀sì, tí màá tún fi dátà tí mi ò ní wà sílẹ̀? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o!

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Sun Microsystems ló gbé Java jáde lọ́dún 1995. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló ni Solaris nígbà náà, tó jẹ́ Unix. Ìlérí wọn ni pé ohun tí a bá fi Java kọ lẹ́ẹ̀kan yóò ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Linux kì í ṣe Unix gan-an, àmọ́ ìṣe Unix ló ń ṣe. Báwo wá ni Java ṣe di àlejò nínú ilé tí wọ́n bí i sí?

Ọwọ́ àwọn tó ń kọ áàpù ló ti bàjẹ́. Wọ́n á fi .exe bo Java mọ́lẹ̀. Wọ́n á kọ "C:\" sínú kóòdù, bíi pé gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní C. Wọ́n á pe àwòrán ní Logo.png, wọ́n á tún kọ logo.png níbòmíì. Windows á gbà á bẹ́ẹ̀. Lójú Linux, fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àìbìkítà ni gbogbo èyí.

Àwọn kan á ní Windows ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ó dáa. Ṣé .jar kì í ṣí lórí Windows tó bá ti ní Java ni? Ta ló máa pàdánù?

Àwa náà jẹ̀bi díẹ̀. A kì í ka ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ fún wa. Bó bá kọ HeadlessException, Java tí kò lè gbé ojú fèrèsé jáde lo fi sí i. Fi default-jre sí i. Bó bá kọ UnsupportedClassVersionError, Java rẹ ti pẹ́ ju èyí tí wọ́n fi ṣe áàpù náà lọ, wá tuntun. Ọ̀fẹ́ ni OpenJDK.

Nígbà tí olùkọ́ náà padà fi .jar ránṣẹ́ sí mi, ìlà méjì péré ni mo tẹ̀:

sudo apt install default-jre
java -jar ise.jar

Ó ṣí. Láptọ́ọ̀pù kan náà, Linux kan náà. Àmọ́ ọjọ́ Ajé ti kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù, títí kan àwa tí a máa kọ ọ́ lọ́la, ẹ máa fi .jar sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ .exe yín. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Èmi ló ná ní máàkì.