Ọ̀sẹ̀ Kan Lọ́dọ̀ Arúgbó Méjì Nínú Òtútù Lọ́ńdọ̀nù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ọ̀sán àti òru, tó ń mú ọ̀kan gùn nígbà tí èkejì bá kúrú. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọ̀kan nínú yín kì í wá bá mi lẹ́yìn ìrun pé kí n bá òun ṣe àdúà kí físà Lọ́ńdọ̀nù lè bọ́ sí òun lọ́wọ́. Mo máa ń ṣe àdúà náà. Ṣùgbọ́n lónìí mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí nílé baba kan àti ìyá kan tí wọ́n ti gba físà tiwọn kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó dé ilé ayé, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, àwọn ará wa kan pè mí lọ ṣe wáàsí ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n sì fi mí sí fún ọjọ́ méje. Peckham ni ilé wọn wà, ní gúúsù ìlú náà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí débi pé ènìyàn lè ra ẹ̀lùbọ́ àti pọ̀nmọ́ ní Rye Lane láìsọ gbólóhùn òyìnbó kan. Àjà kẹta ilé ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Baba ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Iṣẹ́ ṣíṣọ́ ilé-iṣẹ́ lóru ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, àwọn arúgbó òyìnbó ló ń wẹ̀ fún, títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Wọ́n bẹ̀ mí kí n má ṣe dárúkọ wọn, n kò sì ní dá a.

Nígbà tí a wà ní ilé-kéwú, a kọ́ hàdíìsì kan tí Imām at-Tirmidhī gbà wá, pé ààwẹ̀ ìgbà òtútù dà bí ìkógun tí ènìyàn rí láìjagun. At-Tirmidhī fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé okùn hàdíìsì náà kò dé ọ̀dọ̀ Ànábì tààrà, nítorí pé ʿĀmir ọmọ Masʿūd tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbà á kò bá Ànábì láyé. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni kò yé wa nígbà náà. Ọyẹ́ nìkan ni àwa mọ̀. Alfa wa ní ọyẹ́ ni wọ́n ń pè ní ash-shitāʾ, a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Ó di ilé àwọn arúgbó yìí kí n tó mọ ohun tí mo kọ.

Ọjọ́ Ajé ni mo débẹ̀, àwọn méjèèjì sì wà nínú ààwẹ̀. Ní àárín oṣù Ṣẹ́rẹ́, nǹkan bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni oòrùn ń yọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti kọjá díẹ̀, ó ti wọ̀. Àsùbáà ń wọlé lẹ́yìn aago mẹ́fà. Ẹni tó bá gba ààwẹ̀, kò tíì tó wákàtí mọ́kànlá tí yóò fi ṣínu, òùngbẹ kò sì ní gbẹ ẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n láàárín Àyìlà àti Ìṣáì, wákàtí bíi mẹ́fà péré ni ìrun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà: ènìyàn kò tíì jókòó dáadáa tí òmíràn ti wọlé. Nínú oṣù Òkúdù, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá kí oòrùn tó wọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn arúgbó wa ṣe ń dúró de òtútù kí wọ́n tó san gbèsè ààwẹ̀ wọn. Ìyá ní ìwé pélébé kan lára ògiri ilé ìdáná, níbi tó ti ń fi bírò fa ìlà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ti san nínú Rámádánì tí iṣẹ́ abẹ orúnkún gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ku ìlà mẹ́rin. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ló ń san án. Baba kò jẹ gbèsè kankan. Ó ń bá a gbà á kí ó má baà dá nìkan jí sàárì.

Mo wo ara mi, mo wo àwọn méjì yìí, ojú tì mí díẹ̀.

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu sọ. Yìnyín dì bo gíláàsì àwọn ọkọ̀ ìsàlẹ̀ ilé bí iyọ̀. Mítà iná àti ti gáàsì wọn jẹ́ irú èyí tí à ń sanwó sí kí ó tó ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Wọ́n máa ń tan ẹ̀rọ amúlémóoru nígbà sàárì títí wọn yóò fi kírun Àsùbáà, wọn yóò pa á. Ó tún di Mọgaribi. Láàárín ọ̀sán, súwẹ́tà méjì-méjì ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Baba mú mi lọ sí ilé ìkàwé Peckham, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2000. Mo rò pé ìwé ló fẹ́ fi hàn mí. Ó ka ìwé ìròyìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru ló wá gbà, àwọn arúgbó òyìnbó tó jókòó ti tábìlì wa sì mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ohun kan náà ló gbé wọn wá.

Láti ọdún 1997 ni ìjọba Britain ti ń fún àwọn arúgbó ní owó ìdáná ìgbà òtútù. Ní ọdún 2024 wọ́n gé e, ó ku àwọn tó ń gba ìrànlọ́wọ́ aláìní. Owó tó ń wọlé fún Baba àti Ìyá fi díẹ̀ ju ti aláìní lọ, bẹ́ẹ̀ ni 200 pọ́n-ùn tí wọ́n fi ń ra gáàsì ṣe fò wọ́n dá. Ní ọdún 2025 ni ìjọba yí ọ̀rọ̀ náà padà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ju 35,000 pọ́n-ùn lọ́dún, ṣùgbọ́n òtútù tí mo bá wọn nínú rẹ̀ ti kọjá nígbà náà.

Mo bi Baba léèrè pé, "Baba, ilé yín ń bẹ ní Ìwó, oòrùn ń bẹ níbẹ̀. Kí ló dé tí ẹ kò padà sílé?"

Ó ní, "Alfa, gbogbo ènìyàn ló ń bi wá bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó."

Ohun tó ṣàlàyé fún mi nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àwọn àgbà ìlú òyìnbó ti gbàgbé ilé gbọ́ ọ. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Igbe, ni ìjọba Britain ń fi kún owó ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó lọ sí Nàìjíríà, iye tó ń gbà lọ́jọ́ tó kúrò ni wọn yóò máa san fún un. Bí ó bá lo ogún ọdún sí i láyé, kò ní fi kọ́bọ̀ kan lé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, dókítà tó ń wo ìfúnpá Baba kì í gbowó, oògùn rẹ̀ pàápàá, ọ̀fẹ́ ni. Nítorí náà, ilé olójúlé mẹ́fà tí wọ́n fi ọdún méjìlá kọ́ ní Ìwó wà ní títì.

Ọjọ́rú ni ohun tí n kò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀. A ti pẹ́ lórí ìdúró òru, a sì padà sùn lẹ́yìn Àsùbáà. Lójijì ni mo gbọ́ tí ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn kíkankíkan. Mo ṣí i tèmi ti jàlàbíà. Obìnrin ará Jàmáíkà kan ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lásán lẹ́sẹ̀, ẹ̀rù bà á bí ó ti rí mi, ó ní, "Àwọn dà?" Fèrèsé ilé ìdáná wọn kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ará àjà náà ń gbà kọjá. Bí aago mẹ́sàn-án bá lù tí kọ́tìnì rẹ̀ kò tíì ṣí, obìnrin yìí yóò wá kanlẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó rán an. Ọmọ ìjọ Páńtíkọ́sì ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ìjọba fún àwọn arúgbó ní káàdì tí wọ́n ń pè ní Freedom Pass, tí wọ́n fi ń wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Jímọ̀ kò ṣiṣẹ́ títí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ yóò fi lù, nítorí náà Àsùbáà ní jámáà kò rọrùn fún wọn. Nínú mọ́ṣáláṣí, àwọn ọ̀dọ́ dọ̀bálẹ̀ kí Baba, wọ́n ní kí ó ṣe àdúà fún àwọn, wọ́n sì sáré padà síbi iṣẹ́. Ìyá sọ fún mi nínú ọkọ̀ pé ikọ́ dá Baba dúró sílé fún Jímọ̀ mẹ́ta gbáko nínú oṣù Ọ̀pẹ. Kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀. Fóònù ń dún o. Láti ilé ni. Àwọn mọ̀lẹ́bí ń béèrè owó ilé-ìwé, owó ìkómọ, owó òkú. Ọmọ wọn kan wà ní Kánádà, èkejì ní Manchester. Àbíkẹ́yìn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń wá lọ́jọ́ Àìkú bí iṣẹ́ bá gbà á láyè.

Ẹ ṣí Sūratul-Isrāʾ, àyà kẹtàlélógún. Gbogbo wa ló mọ̀ pé Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti pòṣé sí òbí tó bá darúgbó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí a máa ń kà fò: ʿindaka. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "lọ́dọ̀ rẹ". Ọlọ́hun ń sọ̀rọ̀ arúgbó tó darúgbó sí ọ̀dọ̀ ọmọ, tí ọmọ ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lóru. Owó tí à ń fi ránṣẹ́ dára, àdúà tí à ń tẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù dára, ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ló lè mọ̀ pé kọ́tìnì kò ṣí?

Èmi náà kò mọ́. Nínú mọ́ṣáláṣí tèmi níbí, baba kan wà tí kì í fi ọ̀tún sàfù àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Àsùbáà. N kò rí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní bóyá ó rìnrìn àjò. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wá bá mi, ìrun òkú ló wá pè mí sí. Ilé rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó bá ní ọkọ̀ nínú yín lè gbé arúgbó méjì lọ sí Àsùbáà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé àti Àìkú, káàdì wọn ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ kùtù. Ẹni tí yóò di ọwọ́ wọn mú lórí yìnyín ni wọn kò ní. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, mo ti sọ fún akọ̀wé mọ́ṣáláṣí wa kí ó kọ orúkọ gbogbo àgbàlagbà sàfù àkọ́kọ́, kí ó sì kọ orúkọ ọ̀dọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá rí àgbà tirẹ̀ ní ìrun méjì, kí ó lọ kanlẹ̀kùn.

Ní òwúrọ̀ tí mo ń bọ̀, Ìyá ti fa ìlà méjì sí i sára ìwé rẹ̀. Baba fi kọ́kọ́rọ́ ilé Ìwó lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n rán ẹni tí yóò máa ṣí àwọn fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì fúnra mi, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn sí mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹ̀ka Ìwó, ẹni méjì nínú yín ni mo ń retí lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, kí ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ mi.

Wassalāmu ʿalaykum wa raḥmatullāh.