Ta ló ń so signal mọ́ wa lọ́rùn lọ́jọ́ Àìkú?



Àwa olùkọ́ ló yẹ kí á kọ́kọ́ bá wí, torí náà ara wa la ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí Sátidé bá dé, tí a fẹ́ fi ìtàn kékeré kan sinmi, ìwé Faransé la máa ń mú. Bí wọ́n bá ní Yorùbá ńkọ́, a ó ní: "Ó ṣòro kà." Irọ́ ni!

Kí ló ṣòro níbẹ̀? Níbi tí àwa ní Bẹ̀nẹ̀ ti ń kọ ɛ àti ɔ, ẹ àti ọ ni wọ́n ń kọ ní Nàìjíríà. Níbi tí a ti ń kọ kp àti sh, p àti ṣ ni tiwọn. Ó tán! Ẹni tó ń ka "oiseaux" láì kọsẹ̀, ṣé àmì abẹ́ lẹ́tà ló máa dá a dúró?

Àwọn mìíràn ní ìwé Yorùbá kì í dùn, pé òwe àti àṣà nìkan ló kún inú rẹ̀. Wọn ò tíì ka Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969 nìyẹn. Lápàdé, tó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ló ń lé ọ̀daràn kiri níbẹ̀. Bí ìfẹ́ lẹ bá ń wá, Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974 wà ńlẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn, ọmọge mẹ́ta, wàhálà rẹpẹtẹ.

Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, fi Gẹ̀ẹ́sì kọ irú àlọ́ tí àwọn ìyá wa ń pa. Ní 1953, Raymond Queneau túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ará Faransé wá àlọ́ wa dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa ọmọ onílé ò bìkítà.

Òótọ́ ni pé ìwé wọ̀nyí ṣọ̀wọ́n lọ́jà wa. Ṣùgbọ́n ṣebí àwọn èèyàn wa ń gba Ìdí-Ìrókò kọjá lọ rajà? Ìwé kan ò wúwo tó ìgò epo kan.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nílé ìwé, wọ́n á so signal mọ́ ọn lọ́rùn. Olùkọ́ ló ń so ó nígbà náà. Lọ́jọ́ Àìkú, nínú yàrá wa, kò sí olùkọ́ kankan níbẹ̀. Ta ló wá ń so ó?

Ẹ jẹ́ kí á máa ka ìwé Yorùbá kan lóṣù kan, kí á ka díẹ̀ sókè sétí àwọn ọmọ. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nílé, kó kọ orúkọ ìwé náà sísàlẹ̀ níbí, kó sì yá aládùúgbò rẹ̀.

Ẹni tó bá ní irọ́ la pa, kó dá wa lóhùn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni kó fi kọ ọ́ o.