Ẹnu Ìyá, Etí Ọmọ



Ajégúnlẹ̀, tí ó múlé ti Àpápá, ni obìnrin tí ń bá wa fọ aṣọ ti ń wá. Ní oṣù tí ó kọjá, ọmọ mi pè é ní "ará Jungle". Mo bínú, mo bi í pé ta ni ó kọ́ ọ. Ó ní, "Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ, Màmá." Ojú tì mí.

Igbó kìjikìji ni "Jungle". Ṣùgbọ́n orúkọ ìlú náà wí pé ajé gúnlẹ̀ síbẹ̀. Níbẹ̀ ni Odion Ighalo ti dàgbà kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù fún Manchester United ní ọdún 2020.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa da aṣọ bo ẹ̀gàn. Bí a bá ní "bush" tàbí "local", a ó pè é ní ẹ̀fẹ̀. Bí a bá ní "ará oko", gbogbo ayé mọ̀ pé èébú ni.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá. Bí kò bá ṣeé sọ lójú ẹni tí a ń bá wí, ẹ gbé e mì.

Èmi àti ọmọ mi ti bẹ obìnrin náà. Ó sì gbà. Síbẹ̀, ẹyin lohùn: bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.