Ìwé-Ẹ̀rí Kì í Ṣe Orin

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, èmi kò sì lè pa á mọ́ra mọ́. Ọmọ kan a mú ìwé-ẹ̀rí ìpele karùn-ún nínú dùùrù títẹ̀ wá sílé, gbogbo ẹbí a sì yọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, a ṣí ìwé orin síwájú rẹ̀, a ní kí ó tẹ orin kan tí kò tẹ̀ rí: ọwọ́ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ta ni ó jẹ̀bi? Èmi wí pé àwa olùkọ́ ni.

Kí a má ṣe di ẹ̀bi náà ru ìdánwò. Royal Academy of Music àti Royal College of Music ni ó pawọ́ pọ̀ dá ABRSM sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1889. Ìdánwò wọn dé ìpele 8 lónìí. Ẹ wo bí wọ́n ti pín máàkì 150 nínú ìlànà dùùrù ti ọdún 2023 àti 2024: orin mẹ́ta tí ọmọ ti múra sílẹ̀ gba 90, títẹ ohùn ní ẹsẹẹsẹ lọ sókè àti sísàlẹ̀ gba 21, kíka orin tí kò rí rí lójú ẹsẹ̀ gba 21, ìdánwò etí gba 18. Ìyege sì jẹ́ 100. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọmọ tí ó gba gbogbo 90 lórí orin mẹ́ta, tí kò sì rí nǹkan kan gbà níbi ìyókù, kò yege. Àwọn tí ó gbé ìdánwò kalẹ̀ mọ̀ pé orin mẹ́ta kò tó. Àwa ni a ń fi ọdún kan gbáko ki orin mẹ́ta náà sí ọmọ lórí, tí a sì ń fi ọ̀sẹ̀ méjì péré wá ìyókù.

Láti ọdún 2020, irú ìdánwò kejì wà, orin mẹ́rin, láìsí kíka orin lójú ẹsẹ̀, láìsí ìdánwò etí. Ó dára fún ẹni tí ó ti mọ orin í kà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá sá sí i nítorí pé ọmọ rẹ̀ kò lè kà, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Àwọn òbí ni ó ń bèèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́dọọdún.” Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn! Kò sí òfin pé ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo ìpele ní títẹ̀léra; kìkì pé kí ó tó ṣe ìpele 6, 7 tàbí 8, kí ó ti ní ìpele 5 nínú ìmọ̀ orin, tàbí èyí tí wọ́n kà sí i dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí ọdún kan kọjá láìsí ìdánwò, kí ọmọ fi tẹ ogún orin.

T. K. Ekundayo Phillips kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìwé-ẹ̀rí ni a ṣe ń rántí rẹ̀. Ó tẹ dùùrù fún ìjọ ní Cathedral Church of Christ, Èkó, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1953 ni ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde. Ohun tí ó kọ́ ni ó fi sin àwọn ènìyàn rẹ̀.

Òṣùwọ̀n ni ìdánwò. Òṣùwọ̀n kì í sì ṣe àgbàdo. Olùkọ́, ní alẹ́ òní, gbé orin ìsìn kan tí ọmọ rẹ kò rí rí síwájú rẹ̀, kí o sì jókòó tì í títí yóò fi tẹ̀ ẹ́ dé òpin.